Àfòmọ́ Inú Òkun

Mo mú ìlẹ̀kẹ̀ kan wá. Iyùn ni, ìyá mi ló ni ín. Mo yọ ẹyọ kan péré kúrò nínú okùn rẹ̀, kí a lè máa gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́ bí mo bá ṣe ń sọ̀rọ̀. Tí ó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ gbé e sún mọ́ ojú, kí ẹ yí i síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ẹ óò rí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó tò lọ gbọọrọ lára rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi ìyarun wẹ́wẹ́ ya á.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé òkúta ni iyùn. Egungun ni. Ẹ̀dá kan ló fi ṣe egungun ara rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ Òkun Mẹditaréníà, kí àwọn oníṣòwò Yúróòpù tó gbé e wá sí etíkun wa, kí ó tó dé ọrùn ọba àti ọrùn ìyàwó. Nígbà tó wà láàyè, ó dà bí igi pupa kékeré kan tí òdòdó funfun tíntìntín bo ẹ̀ka rẹ̀. Ohun tó jọ òdòdó yẹn, ẹnu ni. Apá mẹ́jọ ló yí ẹnu kọ̀ọ̀kan ká, apá kọ̀ọ̀kan sì ní etí wẹ́wẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ, òun ló fi ń gbá oúnjẹ mú bí omi bá ti ń gbé e kọjá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé apá mẹ́jọ yẹn, nítorí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan ló gbé mi dé ibi ọ̀rọ̀ òní.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo sùn ní ilé àbúrò mi kan tó ń gbé ní Miami. Ó ní àpótí onígíláàsì ńlá kan ní pálọ̀, irú èyí tí wọ́n ń sin ẹja sí, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní akuéríọ̀mù. Omi iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀, iná búlúù sì ń tàn lókè. Ẹja dára níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkúta kan ló gba ojú mi. Àwọn nǹkan kan hù lórí rẹ̀ bí olú lórí kùkùté, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ìka ọmọdé, ó ní ọwọ́ mẹ́jọ lórí. Àwọn ọwọ́ náà ń ṣí, wọ́n ń pa dé, wọ́n tún ń ṣí, bí ọmọ ìkókó tó ń di ọwọ́ tó ń tú u lójú oorun. Wọn kì í ṣe é pa pọ̀. Èyí bá ń ṣí, èkejì á máa pa dé. Mo jókòó síwájú rẹ̀ títí tí iyán tí wọ́n gbé fún mi fi tutù.

Àbúrò mi ní Xenia lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo padà sílé ni mo wo ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé, tí mo rí i pé lédè Gíríìkì, xenia ni wọ́n ń pe títọ́jú àlejò. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà.

Lọ́jọ́ yẹn, àbúrò mi ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, nígbà tí mo rà á, ìwọ̀nba tó lè wọ ṣíbí ni. Ẹ wò ó báyìí. Bí mi ò bá gé e, á bo gbogbo inú àpótí." Mo bi í pé kí ló fẹ́ ṣe sí i, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n ń múra láti kó kúrò nílé náà. Ó ní, "Ìyàwó mi ní ká gbé wọn lọ sókun. Wọ́n á lè wá oúnjẹ ara wọn níbẹ̀. A ò ní lè pa wọ́n, ojú wa ò ní gbà á."

Ẹ gbọ́ bí àánú ṣe wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó sọ ọ́ kò fẹ́ ba nǹkankan jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kọ́kọ́ da ẹja inú ilé rẹ̀ sókun Florida náà lè má fẹ́ ba nǹkankan jẹ́. Ní 1985 ni wọ́n rí ẹja kìnnìún, ẹja olóró tó ní ìyẹ́ bí agboòrùn, fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú omi Dania Beach, tí kò jìnnà sí Miami. Òkun India àti Òkun Pàsífíìkì ni ilé rẹ̀. Lónìí, ó ti gba gbogbo òkun Caribbean kan, ó sì ti dé Bràsíl. Ẹja kékeré tí ìbá dàgbà bọ́ sínú àwọ̀n apẹja, òun ló ń gbé mì.

Ṣùgbọ́n ẹja ní lẹbẹ, kò yani lẹ́nu pé ó lọ jìnnà. Iyùn ńkọ́? Kí ni yóò gbé ohun tó lẹ̀ mọ́ òkúta láti Éṣíà dé Gúúsù Amẹ́ríkà?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Venezuela. Ní etíkun ìlà-oòrùn ibẹ̀, láàárín ìpínlẹ̀ Anzoátegui àti Sucre, ọgbà ìtọ́jú ìjọba kan wà tí wọ́n ń pè ní Mochima. Láti 1973 ni ìjọba ti yà á sọ́tọ̀: erékùṣù, òkè, àti omi tó wọnú ilẹ̀ tó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí a wà yìí, iyùn rírọ̀ kan dé inú omi náà láti ìhà Indonéṣíà. Ohun tí àwọn tó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ sọ ni pé òwò ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n gbìn ín sínú omi tí ẹnikẹ́ni kò san owó rẹ̀, kí ó lè máa pọ̀ sí i, kí wọ́n sì máa bù ú tà fún àwọn tó ní àpótí ẹja. Bí ìgbà tí ènìyàn bá gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìn ilé ẹlòmíràn ni.

Ọdún 2014 ni onímọ̀ ọmọ Venezuela kan, Juan Pedro Ruiz-Allais, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bíi Yehuda Benayahu láti Ísírẹ́lì àti Catherine McFadden láti Amẹ́ríkà, kọ ọ́ síwèé fún ayé pé irú iyùn yìí, tó jẹ́ ìdílé Xenia, ti dé òkun Caribbean. A kò tíì rí irú rẹ̀ níbẹ̀ rí. Nígbà tó yá ni wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ gan-an, Unomia stolonifera. Kò rọrùn láti mọ̀ ọ́n, nítorí àwọn ìdílé yìí jọra bí ìbejì, àfi kí ènìyàn wo egungun wẹ́wẹ́ inú ẹran ara wọn lábẹ́ awò, kí ó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ ìran wọn wò. Nígbà tí wọ́n tún kọ̀wé ní 2021, ọ̀rọ̀ ti kọjá pé àlejò kan dé. Ó ti di olórí ilẹ̀. Ní àwọn ibì kan, ó ti bo ju ìdajì ìsàlẹ̀ omi lọ.

Àwa tí a bá bàbá wa lọ sóko obì mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹ ti rí àfòmọ́ rí lórí igi obì. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ló ń bá tan. Unomia náà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kò yan ibi tí yóò lẹ̀ mọ́. Ó ń gun àpáta, ó ń gun kàn-ìn-kàn-ìn òkun, ó ń wọ àárín koríko òkun, ó sì ń gun iyùn olókùúta tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún láti kọ́ ilé rẹ̀. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń nà jáde láti ìdí rẹ̀, bí ìtàkùn ọ̀dùnkún. Ibi tí okùn náà bá fara kàn, ọmọ tuntun á hù níbẹ̀. Bí ó bá ti bo iyùn olókùúta mọ́lẹ̀, oòrùn kò ní lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Iyùn olókùúta sì nílò oòrùn, nítorí ewé omi tíntìntín kan ń gbé inú ẹran ara rẹ̀, oòrùn ló fi ń dáná, òun àti iyùn a sì jọ pín oúnjẹ náà jẹ. Òkùnkùn bá dé, ebi dé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ikùn ènìyàn. Iyùn olókùúta ló ń kọ́ ihò, pálapàla àti iyàrá tí ọmọ ẹja ń sá sí, tí edé ńlá ń sùn sí, tí akàn ń bímọ sí. Iyùn rírọ̀ kò kọ́ nǹkankan. Ó tẹ́ bí rọ́ọ̀gì. Ẹja tí ẹja ńlá bá ń lé kò ní ibi tí yóò sá wọ̀. Ẹ fojú inú wo apẹja kan ní Mochima tó fa ìdákọ̀ró rẹ̀ jáde láàárọ̀, tí nǹkan rírọ̀ aláwọ̀ ògì kan so rọ̀ mọ́ irin náà ṣìkìtì. Ó gbọ̀n ọ́n dànù sómi, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbòmíràn, ó tún ju ìdákọ̀ró. Ó ti gbìn ín sí ibi tuntun. Ìyẹn ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí lójú mi, pé ẹni tí ó ń pa lára ni ó tún ń gùn lẹ́yìn lọ. Bí àwọ̀n bá fà á ya, tí àjẹ̀ ọkọ̀ bá gé e, ègé kọ̀ọ̀kan tó bá bọ́ sílẹ̀ lè di odidi. Ẹni tó bá sì fi ìbínú wọ inú omi lọ fà á tu, ọgọ́rùn-ún ló máa sọ ọ́ dà.

Kí ló dé tí kò rí bẹ́ẹ̀ nílé rẹ̀? Nílé, ó ní ará àdúgbò. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń jẹ ẹ́ wà níbẹ̀, àwọn iyùn mìíràn tó ti ń bá a du ààyè láti ayébáyé wà níbẹ̀, àrùn tó mọ ojúlé rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tó bá a wọ ọkọ̀ òfurufú.

Kò dúró sí Venezuela. Wọ́n ti rí Unomia ní Kúbà. Ní 2020, wọ́n rí i ní Pearl Harbor ní Hawaii, níbi tí òfin ti ka gbígbé iyùn ààyè wọlé léèwọ̀, tó fi hàn pé òfin nìkan kò tó bí ohun ẹlẹ́wà bá ti wà lọ́jà. Ní 2023, Xenia umbellata, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣí tó ń pa dé, ìbátan èyí tí mo wò títí iyán mi fi tutù, ni wọ́n rí nínú òkun Puerto Rico. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ bẹ ará ìlú pé bí wọ́n bá rí i, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n sọ ibi tó wà, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án.

Ní Bràsíl, ní ẹnu òkun Ilha Grande nítòsí Rio de Janeiro, iyùn rírọ̀ oríṣi méjì ni wọ́n bá lórí àpáta, tí àwọn onímọ̀ sì kọ̀wé nípa wọn ní 2018 pé inú àpótí ẹja ni wọ́n ti wá. Wọ́n wà pẹ̀lú ara wọn ní ojú kan náà. Àwọn méjì yìí lè ti bára wọn nínú àpótí kan náà. Ìyẹn nìkan tó ẹ̀rí fún mi. Omi yẹn ti ń jìyà tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ iyùn oòrùn, Tubastraea, tó bá àwọn ilé-irin tí wọ́n fi ń wa epo rọ̀bì wọlé. Iyùn oòrùn yìí ti dé Baía de Todos os Santos ní Bahia náà, lára omi tí àwọn ọmọ ìran wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá ń gbé òdòdó lọ fún Yemọja títí di òní. Bí mo bá rántí pé abẹ́ omi tí wọ́n ń kúnlẹ̀ sí yẹn ń yí padà láìsí ẹni tó bi wọ́n, ó máa ń dùn mí.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa bi mí léèrè, ó sì tọ́ kó bi mí. Ṣé gbogbo àlejò ni ọ̀tá? Ẹ̀gẹ́ tí a ń fi ṣe gàrí, àgbàdo tí a ń fi ṣe ògì, kòkó tó rán ọ̀pọ̀ nínú wa nílé-ìwé, gbogbo wọn wá láti Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ wá sábẹ́ ọkọ́. Bàbá mi mọ ìlà tó gbìn ín sí, ó sì mọ ọjọ́ tí yóò fà á tu. Ewé Akíntọlá náà wá láti Amẹ́ríkà, kò sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ẹ̀yin àgbẹ̀ sì mọ ohun tó fi ojú oko yín rí. Ewéko olódòdó àlùkò tó ń léfòó lórí ọ̀sà wa ńkọ́? Odò Amásónì ni ilé rẹ̀. Ẹwà òdòdó rẹ̀ ló mú kí àwọn ènìyàn máa gbé e kiri ayé. Ní 1984 ni wọ́n rí i lójú omi Àgbádárìgì, ó gba ìhà Porto-Novo wá. Ẹni tó bá ti jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú ní ìgbà òjò, tí ẹ́ńjìnnì dákẹ́ lójijì nítorí ewéko yẹn wé mọ́ ọn, kò nílò kí n ṣàlàyé Mochima fún un.

Nítorí náà, ohun tí mo ń wò lára àlejò ni bóyá ọwọ́ wa ká a. Nínú òkun, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kì í fi bẹ́ẹ̀ ká nǹkan, àfi bí a bá tètè dé ibẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Mo lè fi ìtàn ìlú méjì hàn yín, lórí ewéko òkun kan náà tí wọ́n ń pè ní Caulerpa taxifolia, tó gba inú àpótí ẹja jáde.

Ní 1984, wọ́n rí i nínú òkun Monaco, lábẹ́ mùsíọ́mù ìmọ̀ òkun tó wà níbẹ̀. Kò ju mítà kan ní ìbú àti òró lọ. Ọkùnrin kan tó bá ní àpò ìrẹsì lọ́wọ́ lè kó o jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan. Alexandre Meinesz, olùkọ́ ní yunifásítì ìlú Nice, pariwo títí pé ewu ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn: níbo ló ti wá, ta ló jẹ̀bi, ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀? Bí wọ́n ṣe ń jiyàn ló ń tàn. Nígbà tó fi di 1990, ó ti dé etíkun Faransé. Lẹ́yìn náà ló kan Sípéènì, Ítálì àti Kroéṣíà.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2000, àwọn òmùwẹ̀ kan tó ń yẹ koríko òkun wò nínú ọ̀sà Agua Hedionda ní Kalifọ́níà rí ewéko kan tí wọn kò mọ̀. Wọ́n mú díẹ̀ lọ fún àwọn onímọ̀, wọ́n ní òun ni. Kò pé oṣù kan tí wọ́n ti wọ inú omi. Wọ́n ta tàpólì dúdú bo ewéko náà ní abẹ́ omi, wọ́n fi àpò iyanrìn tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ègé kankan má bàa yọ́ jáde, wọ́n sì rọ kẹ́míkà kilorínì sábẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó ṣe é fún wọn. Ènìyàn ló ń rákò ní ìsàlẹ̀ omi tó rú, tó ń fọwọ́ tẹ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ń wá ewé kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó lè kéde ní 2006 pé ó ti tán. Ó ná wọn lé ní mílíọ̀nù 7 dọ́là. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ti ṣòfin ní 2001 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á tàbí kó ní in nílé mọ́.

Ẹ wo iye tí wọ́n ná sórí nǹkan tí ẹnì kan lè ti rà ní owó oúnjẹ àárọ̀.

Èmi gbà pé ẹni tó ń ta ẹ̀dá ààyè ní láti sọ fún ẹni tó ń rà á bí yóò ṣe parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń sọ irú oúnjẹ tó ń jẹ, wọ́n ń sọ irú iná tó fẹ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan sọ pé, "Ọjọ́ tí o kò bá fẹ́ ẹ mọ́, gbé e padà wá fún mi." Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ kí òfin fi lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ẹja fún oníbàárà. Nínú àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó síbí, mo mọ̀ pé àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹja ẹ̀ṣọ́ àti ewéko omi l'Ékòó àti n'Ìbàdàn, iṣẹ́ tó mọ́ ni. Ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù. Gọ́tà ìlú wa, ọ̀sà ló ń lọ. Ohun tí oníbàárà yín bá dà sẹ́yìn ilé lónìí, òjò alẹ́ lè gbé e dé ọ̀dọ̀ apẹja kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kí n parí ìtàn àbúrò mi. Mo sọ ewu tó wà nínú gbígbé wọn lọ sókun fún òun àti ìyàwó rẹ̀, a sì pẹ́ lórí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ sunkún díẹ̀. Ó ní òun ló ń fún wọn lóúnjẹ láràárọ̀ kí òun tó lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pe ẹni tí wọ́n ti ra ẹja náà, ó gba gbogbo ẹja, ó sì gba òkúta méjì tí iyùn wà lórí rẹ̀. Kò gba ìyókù, ó ní òun ti ní púpọ̀ jù. Wọ́n kó ìyókù sínú báàfù, wọ́n gbé e lọ sórí kọnkéré lẹ́yìn ilé, wọ́n tẹ́ ẹ sínú oòrùn. Ọjọ́ kẹta ló tó gbẹ tán. Kò ṣí ọwọ́ mọ́, ó fún pọ̀ bí awọ ponmọ́ tí kò tíì rí omi. Omi inú àpótí, orí koríko iwájú ilé ni wọ́n dà á sí, síbi tó jìnnà sí gọ́tà. Koríko ibẹ̀ kú nítorí iyọ̀. Ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní oṣù kejì, ojú ibẹ̀ ṣì pá, ó fẹ̀ tó ẹní ẹnì kan.

Ta ni iyùn ìyá mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé e bọ̀ níwájú.